Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́

Kí n tó sọ bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alábòójútó ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹnì kan kanlẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago méjì òru. Ọmọbìnrin ọlọ́dún kìíní kan ni. Kò wọ bàtà, ó fi aṣọ ìbora wé ara. Ó ní, "Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní kò burú, mo ṣèlérí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi pé ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá ti ń sọ láti ọjọ́ mẹ́ta pé ayé sú òun, pé bí òun bá kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo jókòó tì í, ìlérí tí mo ṣe sì há mi lọ́fun. Bí mo bá pa á mọ́, ẹ̀mí lè lọ sí i. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ tó gbẹ́kẹ̀ lé mi yìí ò ní kanlẹ̀kùn mi mọ́ láé. Mo pe olùgbaninímọ̀ràn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n dé, wọ́n bá ẹni ọ̀hún sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì rí ìtọ́jú gbà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wá bá mi kò kí mi mọ́. Bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣẹ́rí padà.

Ọ̀gá mi gbọ́, wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní àwọn náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, wọ́n sì fi orúkọ mi ránṣẹ́ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kan tó wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, fún ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, àti fún ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ máa pinnu bóyá kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n má lọ. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ, ó sì ní ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Àwa 28 la péjọ, láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́. Kí a tó débẹ̀, wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ tí kálukú máa fi díwọ̀n ara rẹ̀: báwo lo ṣe mọ ìpẹ̀tùsíjà tó, ìṣúná owó ńkọ́, òfin ńkọ́, ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ ńkọ́. Mo fún ara mi ní máàkì gíga níbi ìpẹ̀tùsíjà, torí pé èmi ni àkọ́bí ilé wa, láti kékeré ni mo ti ń là wọ́n níjà. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi kí n tún un kọ. Wọn kò dá a padà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà la máa gbé e wò. Mo wá mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó yá, torí pé òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n yàn láti máa tọ́ mi sọ́nà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi.

Ọjọ́ kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìtàn iṣẹ́ náà ni wọ́n sọ: bí àwọn tó ń bójú tó ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ṣe kọ́kọ́ péjọ ní Yunifásítì Illinois ní 1949, tí ìpàdé yẹn sì di ẹgbẹ́ tí à ń pè ní ACUHO-I lónìí. Wọ́n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe kúrò ní ti ẹni tó kó kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn tó ń lé àwọn ọmọ wọlé sùn, tó wá di ti ẹni tí wọ́n ń retí pé kó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan níbi tó ń sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mẹ́nu ba Kathleen Kerr àti James Tweedy, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Delaware nígbà náà, tí wọ́n kọ ọ́ síta ní 2006 pé kíka iye ọmọ tó wá síbi ètò àti bíbéèrè bóyá inú wọn dùn kò tó. Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ kí ọmọ kọ́, kó tó máa ṣètò.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Oṣù kìíní tí mo dé, mo fi fíìmù hàn ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, ọmọ 60 wá, mo sì kọ 60 yẹn sínú ìròyìn mi gàdàgbà. Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn mú lọ, mi ò rí nǹkan sọ. Nígbà tí mo padà délé, mo fa ètò fíìmù sẹ́yìn. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́ tó wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan bá ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ tó pé. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: ta lo ti mọ̀ níbí, kí ló ń ṣòro fún ọ, ta lo máa ké pè bí nǹkan bá le? Láti ara ìbéèrè kẹta nìkan, a rí ọmọ mẹ́rin tí kò ní ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ yẹn dára, àmọ́ wákàtí mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń ka ohun tó wà lójú ògiri sí wa létí. Ẹni tó ní ọmọ 300 lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè bí òun ṣe máa ṣe é, wọ́n ní àwọn máa padà sórí ẹ̀. Wọn ò padà sórí ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Ẹnu dùn-ún ro ẹ̀fọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbé kan tó ṣófo nítorí ìsinmi ni wọ́n kó wa lọ. Yàrá mẹ́jọ ni wọ́n tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe olùrànlọ́wọ́ rí wà nínú wọn, tí wọ́n ń ṣe bíi pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí Behind Closed Doors, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé wọn ò jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn kankan kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án. Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíkàn nìkan.

Màmá tó ń darí wa, tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní kí n jáde síwájú. Mo lọ dúró ṣánṣán níwájú ilẹ̀kùn, mo fi ìkúùkù gbá a, gbà gbà gbà. Wọ́n fi ọwọ́ kan mi léjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ìwọ tó ń bọ̀ yìí, ọlọ́pàá?" Wọ́n wá fi hàn mí. Súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó bá já a ṣí lójijì kò ti ní kọ lù ọ́. Fetí sílẹ̀ ná: ṣé ohùn méjì ni àbí ẹyọ kan, ṣé ẹkún ni, ṣé ohun kan ń wó lulẹ̀? Fi eegun ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó dún débi tí wọ́n fi máa gbọ́, kó má dún débi tí yóò fi já wọn láyà. Sọ orúkọ rẹ, kí o tó sọ iṣẹ́ rẹ. Dúró. Dúró gan-an, torí pé ẹni tó wà nínú lè máa wá aṣọ. Bí ó bá di pé o ní láti lo kọ́kọ́rọ́, kí ẹ jẹ́ méjì, kí o sì sọ ọ́ ketekete kí o tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ pé o ti ń wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá sì ṣí, má sáré wọlé. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, wo ilẹ̀, wo ọwọ́ wọn, wo ojú wọn.

Mo kàn án nígbà méje kí wọ́n tó ní ó tó. Ìgbà keje yẹn, ẹni tó wà nínú dáhùn pé, "Ẹ wọlé," ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti ìgbà kìíní. Ohùn ẹni tí ara ń rọ̀ ni.

Nínú yàrá kìíní, àwọn méjì ń jà lórí pé ọ̀kan ń gba àlejò sùn, èkejì ò sì rí oorun sùn. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí mo fi dá ọ̀kan lẹ́bi, torí pé òun lohùn rẹ̀ lọ sókè jù. Màmá ní kí gbogbo wa dúró, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá." Mo parí rẹ̀ fún wọn: "Àgbà òṣìkà." Wọ́n ní kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí n gbọ́ tẹnu ọ̀kan tán, kí n gbọ́ tẹnu èkejì tán, lẹ́yìn náà kí àwọn fúnra wọn kọ ìwé àdéhùn yàrá: aago mélòó ni a máa pa iná, ọjọ́ mélòó ni àlejò lè wá, ta ló máa sọ fún ta kí àlejò tó dé. Kí wọ́n fọwọ́ sí i. Èmi, tí mo ti ń là wọ́n níjà láti kékeré, ìdájọ́ ni mo ń dá, mi ò làjà rí.

Yàrá kẹta ni ti ọmọ tó mutí yó tí kò dáhùn mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn, á dáa tó bá sùn. Wọ́n fi yé wa pé níbẹ̀ gan-an ni ikú ti ń wọlé, torí pé ọtí tó ti wọ ikùn ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí olúwarẹ̀ bá ti sùn, èébì sì lè há a lọ́nà ọ̀fun tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa wo bó ṣe ń mí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn. Gbogbo wa ló dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ níṣojú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń ṣe ẹni tó mutí yẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Yàrá karùn-ún ni mo lọ bá nǹkan tèmi. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní sọ." Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ẹni tó ń kọ́ wa níbẹ̀ kò mọ ìtàn mi rárá, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó ní kí n fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti sọ ni mo ti kọ sẹ́yìn ìwé mi, mo sì há a sórí títí dòní: "Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé àwọn tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ nìkan ni mo máa sọ fún, n ó sì sọ fún ọ kí n tó sọ fún wọn. Ṣé o ṣì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀?" Ẹ kà á sókè, ẹ ó rí i pé kò gùn. Èmi tún un sọ ní ìgbà mẹ́fà kí ó tó jáde lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ ara mi. Gbólóhùn yẹn nìkan tó owó tí wọ́n san lórí mi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbéèrè kejì, èyí tí gbogbo wa bẹ̀rù. Wọ́n gbé e ka orí Mental Health First Aid, ẹ̀kọ́ ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún àìlera ọpọlọ tí Betty Kitchener àti Tony Jorm dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2000. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má rọra yí i po. Ẹ bi í léèrè gbangba: "Ṣé ò ń ronú láti pa ara rẹ?" Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá bèèrè, a máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìwádìí kò fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé ara sábà máa ń fúyẹ́ ẹni tó ti ń dá èrò náà gbé nígbà tí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀ láìsá. A wá jókòó ní méjì-méjì, kí kálukú bi ẹnì kejì rẹ̀. Nínú àwa 28, mi ò rí ẹnì kan tí kò rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó sunkún. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí, a kàn dúró tì í.

Ọjọ́ kẹta ni ti iná àti ilẹ̀kùn àbáwọlé. Wọ́n kó wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tú èéfín tí kì í pani sí. Mo rò pé mo mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà, torí pé mo ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wólẹ̀, tí mò ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, mo ka ilẹ̀kùn mọ́kànlá níbi tó yẹ kí n ka méje, mo sì bá ara mi níwájú ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ ka iye ilẹ̀kùn tó wà láti yàrá wa dé àtẹ̀gùn nílé, kí a sì ní kí gbogbo ọmọ ka tiwọn. Mo ti ṣe é. Lórí àjà kejì, mẹ́fà ni láti ẹnu ọ̀nà mi.

Wọ́n sọ ìtàn Seton Hall fún wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2000, iná sọ ní Boland Hall lórí àjà kẹta, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kú, ó ju 50 tó fara pa. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi láti òkè nínú ilé náà. Agogo iná ti dún lásán níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, débi pé nígbà tó dún lóòótọ́, àwọn kan kò tètè dìde. Ọdún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ ọ̀hún ṣòfin pé dandan ni kí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀rọ omi náà. Mo ronú kan ilé tèmi, níbi tí agogo ti ń dún torí búrẹ́dì tó jóná, tí èmi fúnra mi sì ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rí, tí mò ń dúró kó dákẹ́. Mi ò jókòó mọ́.

Wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀rọ apaná pẹ̀lú: fa pínnì, kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, tẹ ọwọ́ rẹ̀, máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bó ṣe tètè ń tán tó. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi gbẹ. Àpótí ìdọ̀tí lèèyàn lè fi pa, kì í ṣe yàrá.

Lẹ́yìn iná, wọ́n sọ ti Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19 tí wọ́n pa nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh ní 1986. Ẹni tó pa á gba ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́ta wọlé, ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ ni gbogbo wọn, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi nǹkan há wọn kí wọ́n má bàa tì. Àwọn òbí rẹ̀ jà títí Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 1990 tó mú un ní dandan fún ilé ẹ̀kọ́ gíga láti máa kéde ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́gbà wọn, orúkọ rẹ̀ ni òfin náà sì ń jẹ́ títí di òní. Kí n tó gbọ́ ìtàn yìí, tí mo bá rí òkúta tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbún un kúrò, n ó sì kọjá lọ. Ní báyìí, n ó dúró, n ó wá ẹni tó gbé e síbẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni kíkọ ìròyìn. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ohun tí mo kọ lọ fún wọn ni pé: "Ọmọ náà ti yó bìnàkò, ó sì ń ṣe jàgídíjàgan." Wọ́n bi mí, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó yó? Kí lo fojú rí? Mo tún un kọ: "Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ní aago 11:40 alẹ́, ó di ògiri mú, ojú rẹ̀ pọ́n, mo gbọ́ òórùn ọtí. Mo bèèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ó ju ìwé kan lu ilẹ̀." Ẹ rí i pé ẹni inú ìròyìn kejì yìí ṣì jẹ́ èèyàn. Wọ́n rán wa létí pé òfin FERPA tó wà ní Amẹ́ríkà láti 1974 fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ ní nípa rẹ̀, nítorí náà kí a kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ náà jókòó tì wá. Mo ti lọ ka gbogbo ìròyìn mi àtẹ̀yìnwá. Méjì wà níbẹ̀ tí ojú ń tì mí láti kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú sọ fún wa pé kí a máa tọ́jú ara wa: ẹ máa sùn dáadáa, ẹ máa rìn, ẹ máa pa fóònù yín. Ẹni tí fóònù iṣẹ́ òru wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tó ń gbé inú ilé kan náà tó ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọ mọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣé òun lẹ ń sọ fún pé kó pa fóònù? Àwọn ọ̀gá wa ló yẹ kí wọ́n pè jókòó fún ẹ̀kọ́ yẹn. Kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ òru kó má bàa já lé ẹnì kan lórí, kí wọ́n kọ́ wọn pé ẹni tó lo òru pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ọkọ̀ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wà ní ìpàdé aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo kọ èyí sínú ìwé tí wọ́n fún wa láti fi sọ èrò wa, mo sì ń tún un sọ níbí torí pé ó ti lé àwọn òṣìṣẹ́ rere kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí lójú mi.

Àléébù tó tóbi jù ni pé wọn ò kọ́ wa ní ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dé, páìpù bẹ́ lórí àjà kẹrin ní aago mẹ́ta òru, omi ń ṣàn bọ̀ nínú gílóòbù iná lórí àjà kẹta. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn, mo mọ bí mo ṣe máa kó àwọn ọmọ jáde, àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi. Ìṣẹ́jú 25 kọjá kí pọ́tà àgbà tó fi ọ̀nà hàn mí lórí fóònù. Yàrá mẹ́fà ló bàjẹ́. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan lórí ibi tí omi ti ń tì àti ibi tí iná ti ń kú, lórí bí wọ́n ṣe ń ka kọ́kọ́rọ́, lórí bí wọ́n ṣe ń yẹ yàrá wò kí ọmọ tó kó wọlé kí ẹnikẹ́ni má bàa sanwó ohun tí kò bà jẹ́. Wọ́n béèrè nípa rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, wọn ò sì fi kọ́ wa. Nígbà tí mo sọ ọ́, èsì tí wọ́n fún mi ni pé ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n lè fún wa ní ìwé ìbéèrè tí a máa gbé padà lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilé wa. Èmi ti ṣe tèmi báyìí, pọ́tà àgbà àti oníṣẹ́ omi ló bá mi tò ó, mo sì ti yà á fún ẹni mẹ́ta tí a jọ wà níbẹ̀.

Àwọn fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá a wá kò burú, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fi ṣí i sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun wo ló ráyè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́?

Ní ti ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi kálukú sọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà, òun ni mo kà sí ohun kejì tó dára jù lẹ́yìn ilẹ̀kùn mẹ́jọ wọ̀nyẹn. Bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra nínú ìwé ni wọ́n fi pín wọn, nítorí náà orí lèèyàn fi ń mú. Orí mi mú ire. Ẹ̀gbọ́n tèmi ti gbé nínú ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́jọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ kékeré kan. Nígbà àkọ́kọ́ tí a sọ̀rọ̀, wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù mi, wọ́n bi mí nípa máàkì gíga yẹn, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ kọkànlá fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti lọ bá a?" Mo ní rárá, mi ò mọ ohun tí n ó sọ. Wọ́n ní, "Sọ pé o ṣèlérí tí kò yẹ kí o ṣe. Má sọ pé o ṣe é fún ire ẹnikẹ́ni. Ó mọ ìyẹn."

Mo lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ orúkọ mi. Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Mo sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n sọ ọ́, mi ò fi kún un. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí pé ó máa bínú sí mi." Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló ń sọ. Mo bi í bóyá ó bínú lóòótọ́. Ó ní rárá, ó ní ó dì mọ́ òun. A jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ti ṣe àṣìṣe kí ẹ tó rán an lọ. Kí ọmọ kankan tó kó ẹrù wọlé ni kó ti lọ ti bọ̀. Bí owó kò bá tó ọjọ́ márùn-ún, ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa gba èèyàn fún ọjọ́ kejì àti ìkẹta nìkan. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ń gbèrò rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: ṣé ilẹ̀kùn tòótọ́ ni àbí àwòrán lójú ògiri, ẹ̀ẹ̀melòó ni kálukú máa kàn án, ta ló máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un, ṣé ẹ̀gbọ́n náà sì ti gbé inú ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ rí? Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ mú bàtà tó fúyẹ́ dání fún ọjọ́ èéfín, ẹ kọ gbólóhùn yàrá karùn-ún sílẹ̀, kí ẹ sì wá oníṣẹ́ omi ilé yín rí kí ẹ tó gbéra, kó fi ibi tí wọ́n ti ń ti omi hàn yín.